KÉKERÉ LA TI Ń PẸ̀KA ÌRÓKÒ: Ìjà pápá koríko méjì nílùú Oxford

Bí èèyàn bá sọ fún ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági pé àwọn Òyìnbó gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí koríko, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi rín. Koríko kẹ̀? Koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni o, koríko náà ni. Nílùú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí yunifásítì tí gbogbo ayé mọ̀ wà, pápá koríko méjì ló dá ìjà ńlá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000. Àwọn kan fẹ́ kọ́lé, àwọn ará ìlú sì fárígá, wọ́n ní àwọn ò gbà.

Ìlú kan náà ni. Irú èèyàn kan náà ló sì ń jà, àwọn tó máa ń rìn kiri lórí pápá, tí wọ́n ń mú ọmọ àti ajá wọn lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n yege nínú ìjà kan, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú èkejì. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa yóò rí i pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ìgbà tí wọ́n lanu sọ̀rọ̀ lọ.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ KORÍKO?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ tí wọ́n pa tì ni pápá koríko tí à ń wí yìí. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gé koríko, tí wọ́n á sá a kó gbẹ, kí màálù lè rí nǹkan jẹ nígbà òtútù tí ewéko kì í hù. Nítorí pé wọn kì í túlẹ̀ níbẹ̀, oríṣiríṣi òdòdó ló máa ń hù lórí rẹ̀, oyin àti labalábá á sì máa wá. Èyí tó bá wà létí odò tún níṣẹ́ mìíràn. Bí odò bá kún àkúnya, òun ló ń gba omi tí ì bá ya wọlé onílé.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti pòórá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ní kí àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀ kí oúnjẹ lè pọ̀. Lẹ́yìn ogun, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà dé, ilé àti títì sì ń gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n ní láàárín nǹkan bíi 1930 sí 1984, nínú gbogbo 100 éékà irú pápá olódòdó bẹ́ẹ̀ tó wà ní England àti Wales, nǹkan bíi 97 ti lọ. Ìwọ̀nba 3 péré ló ṣẹ́ kù. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti ya tó ku àkísà kan sára, ṣé yóò jẹ́ kí wọ́n tún já èyí tó kù gbà? Ìdí abájọ nìyẹn tí Òyìnbó fi ń jà nítorí koríko.

PÁPÁ ÀKỌ́KỌ́: ILÉ GA KÍ ARIWO TÓ SỌ

Port Meadow lorúkọ pápá àkọ́kọ́. Ẹ̀bá odò Thames ló wà, ó sì ju 200 éékà lọ. Wọ́n máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó tú ilẹ̀ ibẹ̀ láti nǹkan bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 1086, nígbà tí Ọba William tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ka gbogbo dúkìá ìlú kó lè mọ owó orí tí yóò gbà, àwọn akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Oxford ní pápá ìjẹko kan tí wọ́n jọ ni lẹ́yìn odi ìlú, tó ń mú ṣílè 6 àti pẹ́nsì 8 wọlé.

Títí dòní ni ẹṣin àti màálù ṣì ń jẹko níbẹ̀. Olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Sheriff ìlú Oxford ló ń bójú tó pápá náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á kó gbogbo ẹran tó wà níbẹ̀ jọ, ẹni tó bá sì da ẹran rẹ̀ síbẹ̀ láìlẹ́tọ̀ọ́ yóò sanwó ìtanràn. Ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé láti òkèèrè lèèyàn ti ń rí ṣóńṣó ilé ìsìn àti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó sọ Oxford di ìlú olókìkí.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́lé sórí pápá yìí gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ réluwéè ń lò tẹ́lẹ̀. Yunifásítì Oxford fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gboyè àkọ́kọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Owó ilé wọ́n gan-an ní Oxford, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì ríbi sùn ò lè kàwé. Yunifásítì gbé pláànù lọ sí káńsù ìlú gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ní 2012, káńsù fọwọ́ sí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin àti alájà márùn-ún ni wọ́n kọ́, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Castle Mill. Yàrá tó wà níbẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 300.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé náà ga sókè. Àwọn tó ti ń rìn ní Port Meadow láti kékeré ṣàdédé wòkè lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé ògiri gbọọrọ ti dí wọn lójú. Ṣóńṣó ilé ìsìn tí bàbá wọn ń wò, tí bàbá bàbá wọn ń wò, ó ti wà lẹ́yìn òrùlé tuntun. Ìgbà náà ni wọ́n figbe ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Wọ́n bi káńsù pé ta lẹ ṣe é fún? Ta lẹ bi? Ìgbà wo lẹ sọ fún wa?

Káńsù pe ọ̀mọ̀ràn kan láti ìta kó wá yẹ ìwé wò. Ohun tí ìyẹn rí ni pé káńsù ṣe ohun tí òfin là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ará ìlú létí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Kò ní wọ́n rú òfin. Ó ní wọ́n ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ò sì tó láti fi wó ilé.

Ní 2013, ẹgbẹ́ CPRE, tó ti ń jà fún ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1926, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga. Yunifásítì gbà láti ṣe àyẹ̀wò ohun tí ilé náà ṣe fún àyíká, irú àyẹ̀wò tó jẹ́ pé kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014, ó sì jẹ́wọ́ pé ilé náà ba ojú ìran pápá jẹ́ gan-an ni. Ní oṣù kejì 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì náà jókòó, wọ́n dìbò lórí pé kí wọ́n yọ àjà òkè pátápátá kúrò. Àwọn tó ní rárá ló pọ̀ jù. Wọ́n ní owó tí yóò ná wọn ti pọ̀ jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò yàrá. Igi gbígbìn àti kíkun ara ilé kó má baà ta yọ mọ́ ni wọ́n lè fara mọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Nígbà tí ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì káńsù, gègé lásán ló lè dín àjà kan kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé dúró tán tí akẹ́kọ̀ọ́ kó wọlé tán, ilé ẹjọ́, àyẹ̀wò àti ìbò ò lè dín ẹyọ kan kù.

PÁPÁ KEJÌ: ÀWỌN TÓ TÈTÈ KA ẸSẸ̀ TÍ WỌ́N TI RÌN

Pápá kejì ni Warneford Meadow, ní ìhà ìlà oòrùn ìlú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó ti wà níbẹ̀ láti 1826. Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ló nilẹ̀, wọ́n sì fẹ́ tà á fún ilé kíkọ́. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ilẹ̀ ìjọba ni. Ẹni tí kò bá mọ òfin yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, olówó ló ń ta ohun ìní rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ò dúró de ìgbà tí katakata yóò dé. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lóde báyìí jẹ́ ti 2006. Ohun tó wí ni pé bí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kan bá ti ń lo ilẹ̀ kan fún eré àti ìgbafẹ́ fún 20 ọdún, tí wọn ò fipá wọlé, tí wọn ò yọ́ wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò sì fún wọn láṣẹ, wọ́n lè ní kí ìjọba kọ ilẹ̀ náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìta gbangba ìlú. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó nilẹ̀ ṣì ni ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí i mọ́.

Ẹ wo èyí tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Bí onílẹ̀ bá ti fún yín láṣẹ, ẹ̀tọ́ yín kú. Bí ẹ bá já ọgbà rẹ̀ wọlé, ẹ̀tọ́ yín kú. Ṣùgbọ́n bó bá ń wò yín lójoojúmọ́, tí kò sọ nǹkan kan, tí 20 ọdún fi pé, ó tán. Ẹnu ẹni tó dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́, onílẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn nínú òwe yìí. Abúlé kan tó ń jẹ́ Sunningwell, tí kò jìnnà sí Oxford, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ayé. Ilẹ̀ ìjọ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gbàṣẹ láti kọ́ ilé méjì sí i. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà dá a fún àwọn ará abúlé. Wọ́n ní kì í ṣe dandan kó jẹ́ eré ńlá kan. Kí èèyàn mú ajá rìn, kí ọmọdé máa sáré kiri, ìgbafẹ́ náà nìyẹn.

Ohun tí àwọn ará Warneford ṣe nìyẹn. Wọ́n ka ẹsẹ̀ tí wọ́n ti rìn. Àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò sọ ohun tí ojú wọn rí àti iye ọdún tí wọ́n ti ń rìn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú onídàájọ́ tó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì, káńsù ìpínlẹ̀ Oxfordshire sì gbà pé òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ ìlera ò gbà, wọ́n gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ní 2010, ilé ẹjọ́ da ẹ̀bẹ̀ wọn nù. Pápá Warneford di ti ìgbafẹ́ ìlú. Àwọn tó jà fún un ò wó ilé kankan, nítorí wọn ò jẹ́ kí ilé kankan hù níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn yẹn ti há díẹ̀ sí i báyìí o. Ní 2013, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí òfin padà. Bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé bá ti gbé ìwé rẹ̀ lọ sí káńsù, tí káńsù sì ti kéde rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ò tún lè sáré lọ ní kí wọ́n kọ ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìgbafẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo 20 ọdún rẹ̀, kó yáa tètè lò ó kí ìkéde tó jáde.

ẸJỌ́ LÀ Ń KỌ́, ẸNÌKAN KÌ Í KỌ́ ÌJÀ

Bí ìkéde bá ti jáde ńkọ́? Ìwé ni kí èèyàn kọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní England rèé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé, káńsù gbọ́dọ̀ fi tó àwọn ará ìtòsí létí. Wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì lè lẹ ìwé mọ́ ara òpó nítòsí ilẹ̀ náà. Fún iṣẹ́ ńlá, wọ́n á tún gbé e sínú ìwé ìròyìn. Láti ọjọ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ 21 ni àwọn èèyàn ní láti fèsì. Wọn ò ní béèrè bóyá ẹni tó kọ̀wé ní ilé níbẹ̀, bóyá ọmọ onílùú ni, bóyá lọ́yà ni. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Káńsù kì í ka iye èèyàn tó bínú. Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Bí 500 èèyàn bá kọ ohun kan náà, tí ohun náà kì í ṣe ohun tí òfin mọ̀, asán ni.

Ohun tí òfin ò mọ̀ ni kí èèyàn kọ ọ́ pé iye owó ilé òun yóò já wálẹ̀, tàbí pé òun ò ní rí pápá láti ojú fèrèsé òun mọ́, tàbí pé èèyàn burúkú lẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí pé ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò gba oníbàárà òun.

Ohun tí òfin mọ̀ ni àgbàrá àti omíyalé, ọkọ̀ tí yóò pọ̀ jù fún ojú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ tí ilé gíga yóò dí mọ́ aládùúgbò, ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n, igi àgbà, ilé àti ilẹ̀ tó ní ìtàn. Ojú ìran tí gbogbo ìlú jọ ń wò láti ìta gbangba náà wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ojú fèrèsé ẹnìkan ò sí níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. "Wọ́n dí mi lójú" ò wúlò. "Wọ́n dí ìlú lójú" wúlò.

Nítorí náà, ìwé tó dára kì í gùn. Yóò dárúkọ nọ́ńbà pláànù náà, yóò sọ pé òun takò ó, yóò to ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ẹ̀rí gbe é. Bí odò bá ti kún dé ibi kan rí, kó sọ ọdún rẹ̀, kó fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Kó má bú ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ayé ló lè ka ìwé náà. Lẹ́yìn èyí, kó wá káńsẹ́lọ̀ àdúgbò rẹ̀ lọ, kó bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀, kó má jẹ́ pé òṣìṣẹ́ káńsù kan ni yóò dá jókòó fọwọ́ sí i nínú ọ́fíìsì. Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sábà máa ń fún alátakò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí àsìkò fi ṣe kókó. Bí káńsù bá kọ pláànù ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ó lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n bí káńsù bá fọwọ́ sí i, alátakò ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù fún un, láàárín ọ̀sẹ̀ 6, owó ńlá ni yóò sì ná an. Ilé ẹjọ́ náà kì í béèrè bóyá ilé náà dára tàbí kò dára. Bóyá káńsù tẹ̀lé òfin nìkan ni wọ́n ń wò. Ìjà náà ò dọ́gba, ọjọ́ 21 àkọ́kọ́ sì ni alátakò ti lágbára jù.

ÀWỌN ỌMỌ WA TÓ WÀ LÓHÙN-ÚN

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ nílé ló lọ́mọ ní London, ní Manchester, ní Oxford fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọjá lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, wọ́n rò pé ti àwọn Òyìnbó ni. Kì í ṣe tiwọn nìkan. Pápá tí ọmọ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù lè wà nínú ìwé yẹn. Àwọn ìjọ wa tó sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé àdúrà mọ adùn àti ìkorò òfin yìí, nítorí aládùúgbò lè kọ ìwé takò wọ́n náà nítorí ariwo àti ọkọ̀. Ọ̀bẹ olójú méjì ni. Ẹni tó mọ bó ṣe ń gé kò ní jẹ́ kó gé òun lójijì.

Kò burú kí ilé wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Castle Mill ń sùn, wọ́n ń jí, wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó fẹ́ràn Port Meadow bá ti sọ̀rọ̀ lásìkò, bóyá ilé ì bá wà níbẹ̀ náà, kó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀, kí tọ̀tún tòsì sì rí tiwọn. Ohun tí wọ́n pàdánù gan-an nìyẹn, àyè láti jókòó dúnàá-dúrà nígbà tí ọjà ò tíì tà.

Kí ẹni tó lọ́mọ lókè òkun bá a sọ ọ́ nígbà tó bá tún pe ilé. Ìwé ara òpó kì í pariwo pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọjá ló yẹ kó dúró, kó kà á, kó ka ọjọ́ tó kù.